Báàgì Kékeré Lọ́wọ́ Adélébọ̀

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ìlú Ọba ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, òun náà ló sì ṣe òfin báàgì. Ó pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò tilẹ̀ kí mi tán. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ o. Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà yìí ò gba àpótí. Báàgì kékeré kan ṣoṣo ni, èyí tí ẹ máa fi ọwọ́ ara yín fà wọ inú bàálù. Ẹ má gbé gààrí, ẹ má gbé èlùbọ́, ẹ má gbé ẹ̀gúsí. Ẹ ṣáà gbé ara yín wá." Mo ní ó dáa. Ó ní ṣé mo gbọ́? Mo ní ṣé wọ́n sọ fún un pé etí mi ti di ni? Ó ní òun kàn mọ̀ mí ni. Ẹ wo ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní A, B, D, tó wá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi ní àsọtúnsọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Kò mọ̀ pé ohun tó wù mí gan-an ló sọ. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí níhìn-ín ní Erúwà kí n tó fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ilé ìwé tí kò bá mọ bí a ṣe ń to nǹkan, kó yáa fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ kó lọ sinmi. Mo kórìíra ẹrù. Nígbàkigbà tí mo bá rí àwọn ìyá tó ń lọ kí ọmọ lókè òkun, tí wọ́n fi okùn di àpótí bí ẹni so àgbò Iléyá, tí wọ́n ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ pé kí wọ́n ṣàánú àwọn, ojú a máa tì mí nítorí wọn. Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń gbé lọ? Ṣé àwọn tó wà níbẹ̀ kì í jẹun ni?

Mo tẹ́ aṣọ mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì jókòó tì wọ́n bí adájọ́. Ìró àti bùbá mẹ́ta, gáùn méjì, bàtà kan yàtọ̀ sí èyí tí mo máa wọ̀, Bíbélì kékeré, awò ojú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Aṣọ tí mo bá gbé sókè tí mo bi pé, "Ìwọ, kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" tí kò bá ti ní èsì, mo dá a padà sí ibi tó ti wá. Mo ká àwọn tó yege bí ẹní, mo tò wọ́n, síìbù báàgì sì pa dé wẹ́rẹ́. Àyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Inú mi dùn débi pé mo fà á yí pálọ̀ ká lásán, kí n lè gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dún.

Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n dé. Kò sí ẹni tí kò ní ọmọ tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n lókè òkun. Ìyá kan gbé ìlasà gbígbẹ dé láti Igbó-Ọrà, ó ní kí ọmọ òun máa sè é jẹ níbẹ̀, bóyá ìbejì á wá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báàgì mi ò gba ọmọ kan, ká má tíì sọ ìbejì." Èyí tó bínú nínú wọn, ó bínú. Mo ti ilẹ̀kùn mi.

Ọkọ mi nìkan ni mi ò rò pé ó máa fa wàhálà. Tísà ni òun náà tẹ́lẹ̀, ọmọ Igangan, ẹni jẹ́jẹ́, tó ti wá gbájú mọ́ oko ẹ̀gúsí báyìí. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ aṣọ mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó wo báàgì náà títí. "Èyí nìkan?" Mo ní, "Èyí nìkan, Dádì. Ẹ ò rí bó ṣe mọ níwọ̀n?" Ó yí padà, ó lọ.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, àpótí ńlá wa ti wà láàárín pálọ̀. Àpótí yìí, a kò tíì lò ó láti ìgbà tí a ti kó dé ilé yìí. Orí wọ́dúróòbù ló ń gbé, ekuru ló sì ń jẹ. Ọkọ mi ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti nù ún, ó ti ta epo sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè máa yí. "Èyí ló dára," ló wí. Mo ní, "Dádì, tíkẹ́ẹ̀tì ò gbà á." Ó ní, "Wọ́n máa gbà á." Mo ní ta ni "wọ́n"? Kò mọ̀. Mo gbé àpótí padà sí ilé rẹ̀. Kò pẹ́, ó tún ti wà ní pálọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ti ṣí i kalẹ̀, ó sì ti ń kó aṣọ mi sínú rẹ̀: léèsì funfun tí mo wọ̀ níbi ìsìnkú ìyá mi, aṣọ òkè, gèlè, bàtà gogoro tí orúnkún mi ti kọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bi í bóyá ọba wọn ló ránṣẹ́ pè mí ni. Ó ní, "O ò mọ ohun tí o máa nílò."

Mo rò pé ìgbéraga ló ń dà á láàmú. Mo ní kò fẹ́ kí àwọn èèyàn sọ pé ìyàwó òun ń lọ sí Ìlú Ọba pẹ̀lú báàgì tí ọmọ ilé ìwé lè gbé. Mo sì sọ ọ́ sí i lójú, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọkùnrin tí kì í jà, ó kọ oúnjẹ. Ó pe ọmọ wa lórí fóònù níkọ̀kọ̀, ó ní òun á fi owó kún un kí wọ́n lè gba àpótí. Ọmọ ní, "Dádì, ẹ fi Mọ́mì sílẹ̀ jàre. Gbogbo nǹkan tí wọ́n máa lò ti wà níbí." Láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń rìn kiri ilé bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́. Á wọ yàrá, á wo báàgì, á jáde. Èmi ń sọ ọ́ nínú ara mi pé àgbà ti ń dé sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló là mí lójú. Ó gun ọ̀kadà láti Igangan wá kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì gbé iṣu dání, tiwa lọ́tọ̀, ti ọmọ òkè òkun lọ́tọ̀. Mo ní iṣu ò lè wọ ẹrù mi, mo sì fa báàgì jáde kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá àgbà náà wò ó, ó wo ojú mi, ó sì rọra jókòó.

"Ìyàwó mi, ṣé ọkọ rẹ ti rí eléyìí?"

Mo ní ó ti rí i, òun gan-an ló ń bá mi fà á.

Ó mi orí. "Á fà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe lọ."

Ó wá sọ ohun tí ọkùnrin tí mo ti ń bá gbé láti ìgbà ọ̀dọ́ mi kò sọ fún mi rí. Ó ní nílé tí wọ́n ti bí àwọn, obìnrin tó bá di ẹrù lójú ọ̀sán, tó gbé e lé orí, tó ń sunkún gba àárín agboolé kọjá, kò sí ẹni tó ń kó ọkàn sókè nítorí rẹ̀. Ìjà ló ń jà. Ó fẹ́ kí wọ́n di òun mú ni. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á gba ẹrù lórí rẹ̀, á padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò kì í di ẹrù. Báàgì kékeré ló ń gbé; á ní òun ń lọ síbi ìkómọ, òun ń bọ̀ kíákíá. "Àyétẹ̀ ni ìyá wa ní òun ń lọ," ló wí. "Gbogbo aṣọ rẹ̀ wà nílé. Ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná. Ọkọ rẹ ló sìn ín dé títì, ó sì jókòó síbẹ̀ kó lè bá a gbé báàgì wọlé tó bá dé." Ó ní ìkòkò ọbẹ̀ náà wà lórí ààrò títí ilé ìdáná fi wó lé e, bàbá wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ìyá ti lọ fẹ́ ọkọ mìíràn lọ́nà Èkó, ó bímọ síbẹ̀, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ọjọ́ tí wọ́n ń sin ín ni ọkọ mi tó tún fojú kàn án.

Nínú ìbínú àti àánú, n ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú. Mo mú ìbínú, torí òun ló sún mọ́ mi jù. Èmi? Ní ọjọ́ orí mi yìí? Pẹ̀lú orúnkún yìí, kí n máa sá fún ọkọ? Kí n sá lọ sọ́dọ̀ ta? Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń pọ́n àdá.

"Dádì, ṣé ẹ rò pé mò ń kọ̀ yín sílẹ̀ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n yín."

Ó gbé àdá sílẹ̀. Mo ní, "Ìsinmi ni mo ń lọ lò. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó wọlé padà, mo ti dé. Mo búra." Ó wò mí pẹ̀lẹ́, kò sí ìjà kankan nínú ohùn rẹ̀ mọ́. "Ìyá mi ní òun máa dé kí ọbẹ̀ tó jinná."

Mo wọlé, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo tilẹ̀ rò ó wò pé kí n ní kí ọmọ wa wá bí wọ́n ṣe máa gba àpótí, kí n gbé e lọ ní òfìfo kí ọkàn ọkùnrin yìí lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà òmùgọ̀ ní ààlà, mo sì rò pé tí mo bá ti dé lọ́jọ́ tí mo dá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí mo ń lọ, òun ló gbé báàgì náà dé gáréèjì. Kò jẹ́ kí n fà á, kò jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà gbé e sí búùtù. Ó gbé e sí ẹsẹ̀ mi nínú mọ́tò, ó wá yí sí dẹ́rẹ́bà, ó ní, "Ìyàwó mi ni o," bí ẹni pé ẹlòmíràn ti ń bá a du mí. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dádì, ẹ máa lọ sílé, oòrùn ti ń mú." Kò lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn bí ẹni ń wo ilé tí wọ́n ń kọ́. Mo dá ojú mi padà síwájú kíákíá.

Ní pápákọ̀ òfurufú ní Èkó, ọmọbìnrin tó ń gba ẹrù bi mí pé, "Màmá, ẹrù yín dà?" Mo nawọ́ sí i. Ó yọjú wo ẹ̀yìn mi bóyá alábàárù ń bọ̀. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá wo màmá kan tí kò gbé nǹkan kan. Mo ń bi ara mi bóyá gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló ti gbọ́ ìtàn ìyá ọkọ mi.

Ọmọ mi gbá mi mọ́ra nígbà tí mo dé, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì sunkún díẹ̀, èmi náà sunkún díẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni. Oòrùn kì í tètè wọ̀, àgbà ọkùnrin ń wọ ṣòkòtò péńpé kiri ìgboro bí ẹni tí aṣọ wọ́n sí. Yàrá tí ọmọ mi fún mi dára, ó dára kọjá ti àlejò. Mo ṣí wọ́dúróòbù kí n lè fi ìró mi kọ́. Ó kún dẹ́múdẹ́mú. Kóòtù nínípọn, súwẹ́tà oríṣiríṣi, fìlà onírun, ìbọ̀wọ́, bàtà tó ga dé orúnkún. Mo pè é. Mo ní, "Ta ló ni gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Tiyín ni, Mọ́mì."

"Nínú oòrùn yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. "Òtútù máa dé, Mọ́mì."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ló kọ àpótí mi, ọmọ mi ni. Ìyá tó bá gbé àpótí wá mọ ohun tó kó wá, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dì í padà. Èyí tó bá fi ọwọ́ lásán wá, ọmọ á wọ aṣọ fún un láti orí dé ẹsẹ̀, á bọ́ ọ, á sì jókòó. Ó ní báyìí ni gbogbo ọ̀rẹ́ òun ṣe mú ìyá wọn. Òun máa padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́, kò sí ẹni tó máa bá òun di ọmọ mú, físà mi sì ṣì gbà á. Kí n má sọ fún Dádì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n kọ́kọ́ ní ó ku oṣù kan. Tí ìyẹn bá pé, kí n tún ní ó ku oṣù kan. "Ó máa mọ́ wọn lára, Mọ́mì." Ọmọdékùnrin tó jókòó sẹ́bàá títì ní Igangan tó ń dúró de báàgì, ọmọ tó bí ní ó máa mọ́ ọn lára. Ọkọ mi ti fura, ìfura rẹ̀ sì tọ̀nà; ẹni tó fura sí nìkan ló ṣì.

Mo fẹ́ bínú, n kò lè bínú dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó wù mí kí n dúró. Mo gbé kóòtù náà wọ̀, ó bá mi mu géérégé, mo dúró níwájú dígí, mo rí ìyá kan tí ayé yẹ. Omi gbígbóná ń jáde nínú ẹ̀rọ, iná kì í lọ, ọmọ-ọmọ mi a máa sùn lórí àyà mi, á máa mí sí mi lọ́rùn. Tí ọmọ mi bá ti ìta dé pẹ̀lú ọkàn rírẹ̀, á gbé orí lé mi léjìká bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ òun báyẹn? Mo ń sọ fún ara mi pé oṣù kan kì í ṣe nǹkan.

Lójoojúmọ́ ni ọkọ mi ń pè. Kò bi mí rí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Á sọ pé bàrà ẹ̀gúsí ti so dáadáa, á sọ pé ọ̀yà ń yọ oko lẹ́nu, á sọ pé búrẹ́dì lòun fi ń mu tíì. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sọ gbogbo èyí tán, ó wá ní, "Mo ti ń sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé o lè pẹ́ díẹ̀."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Kó má baà jẹ́ pé ìwọ ni wàá máa wá ojú tí o máa fi sọ ọ́."

Háà! Ara mi gbóná. Ọkùnrin yìí ti bá mi pa irọ́ tí èmi ò tíì pa. Ó ti dárí jì mí kí n tó ṣẹ̀ ẹ́. Bó bá bú mi ni, bó bá jà ni, ǹ bá rí ohun tí n ó fi gbèjà ara mi. Mo pariwo sórí fóònù débi pé ọmọ jí lọ́wọ́ mi: "Ta ló rán yín níṣẹ́? Ẹnu ta lẹ ti gbọ́ pé mo máa pẹ́? Ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń bọ̀, ẹ wá pàdé mi ní Èkó!" Ó wá ní, "Ó dáa." Mo gbọ́ tó fọn imú.

Ọmọ mi sunkún gan-an. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ mí lára: "Ṣé Dádì ṣe pàtàkì jù mí lọ ni?" Mo ní rárá o. Mo ní, "Ìwọ, bí mo bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ, o mọ̀ pé mo máa tún wá. Òun ò mọ̀." Ó ní kí n ṣèlérí pé màá wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ṣèlérí. Mo fi kóòtù rẹ̀ sílẹ̀ nínú wọ́dúróòbù, mo ká aṣọ tí mo gbé wá, mo sì fa báàgì mi jáde. Ọmọ-ọmọ mi rò pé eré la fẹ́ ṣe, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ọkọ mi ti dúró sí pápákọ̀ ní Èkó kí bàálù wa tó balẹ̀, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó kàn ń wò mí ṣáá títí a fi kọjá Abẹ́òkúta. Nígbà tí a délé, ó ti se ọbẹ̀ dè mí. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán. Inú mi dùn. Mo ní ṣé òun náà rí i báyìí pé adélébọ̀ lè gbé báàgì kékeré lọ kó sì gbé e bọ̀? Ó ní òun rí i.

Kò pẹ́ tí mo dé ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn. Aládùúgbò wa kọ́kọ́ wọlé, ó káwọ́ mọ́ àyà. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run ló mọ ìdí. Àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn ò láàánú." Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Òmíràn gbé ọsàn wá fún mi bí ẹni wá kí aláìsàn. Ìyá kan tí mo mọ̀ ní ọjà di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó pa yín lára. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà, irú báàgì kékeré báyìí ni wọ́n fi lé e wálé." Wọ́n ní wọ́n lé mi padà láti Ìlú Ọba! Àbí ta ló ń ti òkè òkun bọ̀ láìgbé àpótí kan, bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yìn aṣọ fà sínú bàálù?

Èmi! Ẹni tí kò pẹ́ dé iṣẹ́ rí, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní ọ̀gá! Mo mú ìwé ìrìnnà mi, tí físà inú rẹ̀ ṣì wúlò, mo fi í sínú àpamọ́wọ́, mo ní ẹni tó bá tún kí mi ní "ẹ pẹ̀lẹ́," màá ṣí i sí i lójú. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe máa ń wá ẹni tó jí ṣọ́ọ̀kì ní kíláàsì. Aládùúgbò ní ẹnu télọ̀ lòun ti gbọ́. Télọ̀ ní ẹnu alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Mo wọ ilé alàgbà lọ, n kò kí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà dìde, ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọkọ yín fúnra wọn ló sọ fún mi. Wọ́n ní ká máa rántí yín nínú àdúrà."

N ò mọ bí mo ṣe délé. Ọkọ mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ ẹ̀gúsí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ti oko dé, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi dé ìgúnpá.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n lé mi padà?"

Ó ń fọ ẹ̀gúsí lọ. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi? Ẹ̀yin tí mo tìtorí yín mú ọmọ mi sunkún?"

Ó ní, "Gbogbo ẹni tó bá ti rí mi ló ń bi mí pé ìgbà wo ni ìyàwó yín máa padà lọ. Ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́nà oko. Wọn ò kí mi kú oríire, ìgbà wo lo máa padà lọ ni wọ́n ń bi mí. Mo ní wọ́n lé ọ. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tó bi mí mọ́." Ó gbé ojú sókè wò mí. "Ẹni tí wọ́n bá lé kì í tún lọ."

Mo ti lọ, mo ti dé, mo dúró níwájú ọkùnrin yìí lójúkojú, ó ṣì ń dúró de ọjọ́ tí mo máa lọ. Ó dùn mí, kì í ṣe díẹ̀. Mo fẹ́ kí n gbá a mọ́ra, mo sì fẹ́ kí n da omi ẹ̀gúsí náà lé e lórí. Mo fa àpótí ìjókòó kan, mo ki ọwọ́ bọ omi, a sì jọ fọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, alàgbà dìde láàárín ìsìn. Ó ní ká gbàdúrà fún ìyá wa kan tí àwọn aláṣẹ Ìlú Ọba dójú tì. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ mi, títí kan ti àwọn tí mo ti fi pankẹ́rẹ́ kọ́ ní àròpọ̀ rí. Àpamọ́wọ́ mi wà lórí itan mi, ìwé ìrìnnà wà nínú rẹ̀. Mo dìde. Mo wo apá ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí. Ọkọ mi ti tẹ orí ba, ó di àga iwájú rẹ̀ mú, ó ń dúró de ohun tó máa ti ẹnu mi jáde.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ẹ máa bá mi bẹ Ọlọ́run. Òótọ́ ni, wọ́n lé mi. Wọ́n tilẹ̀ ní n ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ àwọn mọ́ láéláé."

Gbogbo ìjọ kẹ́dùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Ó mà ṣe o!" Ohùn kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Ọkọ mi ké "Àmín!" tó fi jẹ́ pé pásítọ̀ fúnra rẹ̀ bojú wò ó.